A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìrànwọ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè Ọlọ́rọ̀

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́ àti fún kíláàsì

Bíbélì kíkà: 2 Kọ́ríńtì 8:1-24; Róòmù 15:25-28; Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1-6 àti 11:27-30.

Àkọ́sórí: 2 Kọ́ríńtì 8:21. Kí olúkúlùkù kọ́ ọ láti inú Bíbélì tirẹ̀.

Ìdí ẹ̀kọ́ yìí: Kí a lè mọ̀ bóyá ó yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ran àwọn orílẹ̀-èdè tálákà lọ́wọ́, kí a sì mọ irú ìrànwọ́ tí ó dára lójú Ọlọ́run àti lójú ènìyàn.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ tí ó ń fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà, USAID, iléeṣẹ́ tí ó ń pín owó náà láti ọdún 1961, kógbá sílé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kéde ní oṣù kejì ọdún 2025 pé òun yóò dín ìrànwọ́ tirẹ̀ kù. Láti ọdún 1970 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti bẹ àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ pé, nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ó bá ń wọlé fún wọn, kí wọ́n mú àádọ́rin kọ́bọ̀ fún ìrànwọ́ àwọn tálákà. Díẹ̀ nínú wọn ló ṣe é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti ṣe é rí ti ní ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ni tirẹ̀ yóò jẹ́ tí ó bá fi di ọdún 2027.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 2022, iléeṣẹ́ ìjọba tí ó ń ṣe ìṣirò ní Nàìjíríà sọ pé mílíọ̀nù 133 nínú wa ni ìṣẹ́ ń bá fínra, bí a bá ka oúnjẹ, omi, ilé ìwé, ìlera àti ilé gbígbé pọ̀. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ bi ara wa léèrè: Ṣé ó yẹ kí àwọn tí ó ní ràn wá lọ́wọ́? Àwọn kan ní kò kàn wọ́n. Àwọn kan ní dandan ni. Àwọn mìíràn ní bí wọ́n tilẹ̀ fi ránṣẹ́, àwọn aláṣẹ ni yóò kó o jẹ. Ẹ jẹ́ kí a wá ìdáhùn láti inú Ìwé Mímọ́, kí a sì wo ohun tí ojú àwa ará Ìjọ́rà ti rí.

1. OWÓ TÍ PỌ́Ọ̀LÙ KÓ JỌ

Ìrànwọ́ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn kì í ṣe ohun tuntun nínú ìjọ Ọlọ́run. Ìṣe 11 sọ fún wa pé ìyàn mú ní ayé Kíláúdíù, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Áńtíókù sì fi ohun ìrànwọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ará ní Jùdíà, olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn èyí ni Pọ́ọ̀lù tún lọ káàkiri àwọn ìjọ Makedóníà àti Ákáíà láti kó owó jọ fún àwọn tálákà tí ó wà ní Jerúsálẹ́mù.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ará Makedóníà kì í ṣe olówó. Òtòṣì ni wọ́n, síbẹ̀ àwọn fúnra wọn ló bẹ Pọ́ọ̀lù pé kí ó jẹ́ kí àwọn kópa. Bí òtòṣì bá ń bẹ̀bẹ̀ kí a lè jẹ́ kí ó fúnni, àwáwí wo ni ọlọ́rọ̀ ní? Ẹ tún wo ẹsẹ 13 àti 14. Pọ́ọ̀lù kò fẹ́ kí ara tu ẹnì kan kí ìnira sì bá ẹlòmíràn. Ìdọ́gba ni ó ń wá, kí ohun tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹni tí ó ní lónìí lè bo àìní ẹni tí kò ní, nítorí ọ̀la lè yí padà. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ pé olówó kan láàárín òtòṣì mẹ́fà, àwọn méjèèje ni òtòṣì.

2. ÀÁNÚ NI TÀBÍ GBÈSÈ?

Nínú Róòmù 15:27, Pọ́ọ̀lù lo ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ó ní ajigbèsè ni àwọn kèfèrí jẹ́ sí àwọn ará Jerúsálẹ́mù, nítorí pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni ohun rere ti kọ́kọ́ tọ̀ wọ́n wá. Kò pè é ní ojú àánú lásán.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí wo ìtàn tiwa. Ní Àgbádárìgì ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, tí ìjọ Mẹ́tódíìsì fi bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀bùn náà. Ṣùgbọ́n láti etíkun Àgbádárìgì kan náà ni wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa lọ sókè òkun bí ẹrú. Òótọ́ ni pé àwọn ará ilé wa náà lọ́wọ́ nínú òwò burúkú náà. Síbẹ̀, agbára àwọn tí a kó lọ ni a fi ro oko ìrèké àti oko òwú tí àwọn ilẹ̀ òkèèrè fi là. Ẹni tí ó bá fi òógùn ẹlòmíràn kọ́lé kò lè pe owó tí ó fún un ní ọrẹ nìkan.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ owó èlé. Ní ọdún 1978 ni ìjọba wa kọ́kọ́ yá bílíọ̀nù kan dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn báǹkì òkè òkun. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, a kò lè san án déédéé mọ́, èlé gorí èlé, owó ìtanràn sì gorí rẹ̀. Ní ọdún 2000, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sọ pé ohun tí a yá títí di ọdún 1985 tàbí 1986 tó bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, a ti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 16, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń sọ fún wa pé bílíọ̀nù 28 ló kù. Àwa tí a ń ná ọjà mọ irú owó bẹ́ẹ̀. Owó ṣogúndogójì ni. Àwọn baba wa náà mọ ìwọ̀fà. Bí ìwọ̀fà ti wù kó ṣiṣẹ́ tó lóko olówó, èlé ni iṣẹ́ náà jẹ́, ojú owó kò dín. Orílẹ̀-èdè wa di ìwọ̀fà, owó tí kò bá kọ́ ilé ìgbẹ̀bí ni a sì ń kó lọ síta.

Àwọn Kristẹni ni ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ pariwo. Wọ́n mú Léfítíkù 25 lọ́wọ́, níbi tí Ọlọ́run ti pàṣẹ ọdún júbílì, kí ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín, kí ẹni tí a sọ di ẹrú sì padà sílé. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn ní Jubilee 2000. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1998, nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè ńlá ń ṣèpàdé ní Birmingham, nǹkan bíi 70,000 ènìyàn di ara wọn lọ́wọ́ mú yí ìlú náà ká, wọ́n ní kí a fagi lé gbèsè àwọn tálákà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti inú ìjọ.

Ohùn wọn kò ṣòfò. Ní ọdún 2005, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìṣúná, Paris Club, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ìjọba tí a jẹ lówó, gbà láti fagi lé bílíọ̀nù 18 dọ́là nínú gbèsè wa. A san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12.4, a sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2006. Nínú owó tí ó tipa bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù sílé ni ìjọba ti gba àwọn agbẹ̀bí láti ọdún 2009, tí wọ́n rán wọn lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ìlú kéékèèké.

Nǹkan kan tún wà tí kì í ṣe ìrànwọ́ rárá, èyí ni owó tí wọ́n jí kó lọ. Ní ọdún 2017, orílẹ̀-èdè Switzerland gbà láti dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 322 dọ́là padà nínú owó tí wọ́n kó ní ayé ìjọba Abacha. Ní ọdún 2020, mílíọ̀nù 311 tún wá láti Amẹ́ríkà àti erékùṣù Jersey, wọ́n sì ní kí a fi ṣe àwọn ọ̀nà, títí kan ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Báǹkì tí ó gba ẹrù olè pa mọ́ fún ogún ọdún kò ṣe wá lóore nígbà tí ó dá a padà.

3. ÌRÀNWỌ́ TÍ Ó ṢIṢẸ́

Ẹ̀rí tí ó dára wà pẹ̀lú. Ní ọdún 2012, ó lé ní ìdajì àwọn ọmọ tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní gbogbo ayé tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò àrùn náà tí ó ń jà fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Owó òkè òkun ló ra ọ̀pọ̀ nínú oògùn náà, ẹgbẹ́ Rotary sì sapá gidigidi.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló ṣe é. Ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Kánò dá àjẹsára náà dúró, nítorí ìfura wà pé ohun mìíràn wà nínú rẹ̀. Oògùn wà, owó wà, ṣùgbọ́n àwọn òbí ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tí wọ́n bá àwọn ọba àti àwọn àlùfáà jókòó, tí àwọn obìnrin àdúgbò fúnra wọn sì ń lọ láti ilé dé ilé, ni ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìyá ló gbọ́ ohùn ìyá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

4. OHUN TÍ OJÚ BÀDÍÀ RÍ

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìrànwọ́ tí ó ya ọ̀nà. A kò ní lọ jìnnà. Ìjọ́rà níbí ni.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ Bàdíà dó ni wọ́n kó wá síbẹ̀ láti abúlé Olúwọlé ní ọdún 1973, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba ilẹ̀ wọn láti kọ́ tíátà ńlá tí ó wà ní Igánmú, èyí tí a ti ń fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè láti ọdún 2024. Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n fún wọn. Àwọn fúnra wọn ló fi ìdọ̀tí igi àti yanrìn dí i.

Ní àwọn ọdún 1990, Báǹkì Àgbáyé yá ìjọba lówó láti la gọ́tà ní Èkó kí omi má baà máa ya wọ ilé. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 1997, katapílà wọ Ìjọ́rà Bàdíà àti Ìjọ́rà Olóyè, ó sì wó ilé lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lórí. Ní ọdún 1998, àjọ kan ní Èkó tí ń jẹ́ SERAC bá àwọn ará àdúgbò gbé ẹjọ́ náà lọ sí iwájú Inspection Panel, ìgbìmọ̀ tí Báǹkì Àgbáyé fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa gbọ́ ẹ̀sùn àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pa lára.

Ní ọdún 2006, Báǹkì Àgbáyé tún yá wa ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Apá kan owó náà wà fún àtúnṣe àdúgbò mẹ́sàn-án tí ìṣẹ́ ti wọ̀ lára, Bàdíà sì wà nínú wọn pẹ̀lú Mákòókò, Ìwáyà, Àmùkòkò, Ajégúnlẹ̀ àti àwọn yòókù. Orúkọ àwọn ará Bàdíà wà nínú ìwé tí a fi yá owó náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kejì ọdún 2013, kí iṣẹ́ náà tó parí, katapílà ìjọba ìpínlẹ̀ wọ Bàdíà East pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ó tó nǹkan bí 9,000 ènìyàn tí kò nílé mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìjọba ní ibi ìdàlẹ̀nù ni ibẹ̀, àti pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé tuntun sí i. Ìwádìí tí Amnesty International gbé jáde pẹ̀lú SERAC ní oṣù kẹjọ ọdún náà sọ pé wọn kò fún àwọn ará ibẹ̀ ní ìwé ìkìlọ̀ tí ó tọ́, wọn kò sì bá wọn jíròrò.

Àwọn ará Bàdíà tún kọ̀wé sí Inspection Panel ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013. Ìwé náà ṣiṣẹ́ díẹ̀. Wọ́n ṣètò owó ìrànwọ́: ayálégbé, 90,400 náírà, ẹni tí ó ní ilé tí ó tóbi jù, 309,780 náírà. Ta ni nínú wa tí yóò fi iye yẹn kọ́lé ní Èkó? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, wọ́n tún wó ilé ní Bàdíà East.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé wa. Báǹkì Àgbáyé kọ́ ló rán katapílà. Ṣùgbọ́n owó tí a torí òtòṣì Bàdíà yá wà nílẹ̀ nígbà tí a ń lé òtòṣì Bàdíà sígboro, gbogbo wa la ó sì jọ san gbèsè náà, títí kan ẹni tí a wó ilé rẹ̀. Àwọn tí ó yá owó jókòó, àwọn tí ó gba owó jókòó. Obìnrin tí ó ń din àkàrà létí ojú irin kò sí níbẹ̀. Wọ́n fá orí lẹ́yìn olórí.

5. OHUN TÍ ÀWỌN ÀPỌ́SÍTÉLÌ ṢE

Ìṣe 6 sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Oúnjẹ wà nínú ìjọ àkọ́kọ́, wọ́n sì ń pín in lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n a ń gbójú fo àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì. Kí ni àwọn àpọ́sítélì ṣe? Wọn kò pe àwọn opó náà ní aláìmoore. Wọn kò ní kí a pa ìpín oúnjẹ náà tì nítorí pé ó ní àbùkù. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, àwọn méjèèje tí ìjọ sì yàn, orúkọ Gíríìkì ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn ènìyàn àwọn tí ó ń ráhùn ni a fi síbi ìpín.

Pọ́ọ̀lù náà kò dá gbé owó Jerúsálẹ́mù. Nínú 2 Kọ́ríńtì 8:16-23, Títù ń lọ, arákùnrin kan tí àwọn ìjọ yàn ń bá a lọ, òmíràn tún tẹ̀ lé wọn. Àpọ́sítélì ni, síbẹ̀ ó wá ẹlẹ́rìí, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ohun àfisùn sí òun.

Nítorí náà, ìdáhùn wa ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ. Ẹni tí ó ní gbọ́dọ̀ ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́, pàápàá bí ó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí a fẹ́ ràn wà níbi ìjókòó, kí ó lẹ́nu ọ̀rọ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà tí yóò bá owó náà rìn dé ilé.

Àwọn kan yóò ní ìrànwọ́ ń sọni di ọ̀lẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ lórí àga ìjọba. Ìyá tí ó jí ní aago mẹ́rin láti kó ẹja ní ilé yìnyín kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn mìíràn yóò ní nígbà tí wọ́n ń jí i kó, kí wọ́n dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ìránṣẹ́ bá ń bu oúnjẹ ọmọ jẹ lójú ọ̀nà, ìránṣẹ́ ni a ń mú, a kì í fi ebi pa ọmọ. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó dúró ní ọdún 2025, àwọn tí ó ń gba oògùn kòkòrò HIV lọ́fẹ̀ẹ́ ni àyà wọn kọ́kọ́ já. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún ètò ìlera inú ìṣúná ọdún náà láti dí àlàfo náà. Ó fi hàn pé àwa náà lè tọ́jú ara wa ju bí a ti ń ṣe lọ, ó sì yẹ kí a máa bi àwọn aláṣẹ wa léèrè.

6. ÀWA ŃKỌ́?

Lójú opó tí kò ní, àwa ni orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀. Ẹgbẹ́ wa ní àpò àánú. Nígbà Ìkórè àti Kérésìmesì, a máa ń di ìrẹsì àti epo fún àwọn aláìní. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́? Ó lè jẹ́ pé owó ilé ìwé ọmọ ni ìyá kan ń wá, tí a sì ń gbé àpò ìrẹsì lé e lórí níwájú gbogbo ìjọ, kí a lè ya fọ́tò. Ẹni tí bàtà ń ta ló mọ ibi tí ó ti ń ta á.

Àbá wa nìyí fún gbogbo ẹgbẹ́. Kí a fi opó kan tàbí méjì sínú ìgbìmọ̀ tí ń pín àánú, kí wọ́n sì ní ẹnu ọ̀rọ̀ bí ti àwọn yòókù. Kí a má ka orúkọ ẹni tí a ràn lọ́wọ́ sí etí ìjọ. Kí akápò máa ka ìṣirò owó fún ẹgbẹ́ ní ìdá mẹ́rin-mẹ́rin ọdún, kó má ku kọ́bọ̀. Bí a bá ṣe èyí, a ó lẹ́nu láti bá ìjọba àti òkè òkun sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àánú, gbèsè àti ohun tí a jí tí a dá padà? Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpẹẹrẹ.
2. Kí ló dé tí àwọn ará Makedóníà fi bẹ̀bẹ̀ láti kópa, nígbà tí òtòṣì ni wọ́n?
3. Bí wọ́n bá ní kí obìnrin kan láti àdúgbò wa jókòó níbi tí a ti ń pín owó gọ́tà àti ilé, kí ni ẹ fẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ?
4. Ìgbà wo ni ẹgbẹ́ wa gbẹ̀yìn bi àwọn tí a ń ràn lọ́wọ́ léèrè ohun tí wọ́n nílò?

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tí o gbọ́ ẹkún àwọn opó, gbọ́ ti àwọn tí a wó ilé wọn. Fi ìfẹ́ sí ọkàn àwọn tí ó ní, fi òtítọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń pín in, fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu àwọn tí a kì í bi léèrè. Kọ́ àwa náà láti fúnni bí a ti fẹ́ kí a fún wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.